Ohun tí Ó Ń Fa Ẹsẹ̀ Wọ́lẹ̀

Ní Aylesbury Estate, ní àdúgbò Walworth ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìrìn díẹ̀ yóò ti gbé ènìyàn dé Peckham tí àwọn ọmọ Yorùbá ti fi ṣe ọjà àti ilé, àwọn ilé ńláńlá kan wà tí ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ká odidi ìlú nílẹ̀ tí ó sì gbé e dúró lóòró. Láàrin 1963 sí 1977 ni wọ́n kọ́ wọn. Nígbà náà, ibùgbé inú wọn lé ní 2,700. Orúkọ àwọn ibi ní Buckinghamshire ni wọ́n sì fi sọ wọ́n: Wendover, Taplow, Missenden, Chiltern. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ ni a ń tọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé, ilẹ̀ ibẹ̀ le, ògiri ibẹ̀ ń dá ohùn padà, ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá ti pẹ́ níbẹ̀ fi ń fi ìró ẹsẹ̀ dá aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ kí ó tó rí ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan lórí irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 38 ni, Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí, Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. N kò sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé kì í ṣe ẹnìkan pàtó. Ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni mo ti kó o jọ, kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn. Ní òwúrọ̀ tí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn: kò, kò, kò. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ó bá ń ti ọjà East Street bọ̀ pẹ̀lú iṣu àti ẹja nínú àpò, ìró náà a ti yí padà: kò, wọ̀ọ̀, kò, wọ̀ọ̀. Ẹsẹ̀ òsì ń tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń gbálẹ̀. Etí kápẹ́ẹ̀tì ti gbé e ṣubú nínú ilé, etí títì ti gbé e ṣubú níta. Ìyá rẹ̀, tí ó wá kí i láti Ìjẹ̀bú-Òde, ni ó kọ́kọ́ gbé bàtà ọ̀tún náà sókè, tí ó rí i pé imú rẹ̀ ti jẹ tán, nígbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ dà bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

“Ọmọ mi, kí ni ó ń jẹ bàtà rẹ lẹ́nu báyìí?”

“Màámi, ó kàn rẹ̀ mí ni.”

Ìyá kò fèsì. Ó rọra gbé bàtà náà sílẹ̀, ohun tí ó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni ohun tí yóò wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá: pé ọmọ òun ti tẹ ohun tí kò yẹ kí ó tẹ̀ mọ́lẹ̀.

N kò bá ìyá náà wí. Ẹsẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ ni ó sì wò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà tí ó kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù ilẹ̀ ni wọ́n sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú àìsàn tí mò ń sọ yìí, ẹ̀yìn tí a ó wò jìnnà sí ẹsẹ̀ púpọ̀: ọpọlọ inú orí ni, àti okùn rírọ̀ tí ó gba inú eegun ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Àìsàn náà ni multiple sclerosis, tí àwọn tí ó ní i ń pè ní MS. Ẹsẹ̀ tí ó ń wọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ó kú. Ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ tí orí rán sí i kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ ni, tàbí tí iṣẹ́ náà dé nígbà tí ọjà ti tú.

Nítorí pé a ń rìn láì ronú, a kò mọ bí iṣẹ́ tí ó wà nínú ìṣísẹ̀ kan ti pọ̀ tó. Nígbà tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ láti gbé e síwájú, ọrùn ẹsẹ̀ ní láti ká sókè kí ọmọ-ìka lè kọjá láì kan ilẹ̀, àyè tí ó sì máa ń wà láàrin ọmọ-ìka àti ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn kò ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Ìbú èékánná ni ó wà láàrin ẹni tí ń yan àti ẹni tí ń ṣubú! Ẹran ara tí ó wà níwájú ojúgun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí; ẹni tí ó bá jókòó, tí ó fi gìgísẹ̀ múlẹ̀, tí ó sì gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, yóò rí i tí ó ń yọ lábẹ́ awọ. Òun náà ni ó ń rọra sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí gìgísẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ má baà balẹ̀ pàá. Bí ó bá daṣẹ́ sílẹ̀, ènìyàn a máa dá ọgbọ́n: a gbé orúnkún sókè bí ẹni tí ń la odò kọjá, tàbí kí ó gbé ìbàdí kan ga ju èkejì lọ, tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ náà rá bàbà níta bí ẹni tí ń fi dòjé gé koríko. Ọgbọ́n wọ̀nyí ń gbé ènìyàn délé, ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n ń jẹ pọ̀, ìrora ẹ̀yìn àti ti ìbàdí a sì máa tẹ̀lé wọn.

Níbi tí a dé yìí, èdè wa fẹ́ dí wa lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fi ń pe ohun mẹ́ta. Iṣan ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan ni ẹran tí a fi ń gbé ẹrù. Iṣan náà ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara. Èyí kejì ni n ó máa pè ní ẹran iṣan, èyí kẹta ni n ó máa pè ní iṣan ajíṣẹ́. Iṣẹ́ tí ń gbé ẹsẹ̀ sókè bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, níbi tí ìhà méjèèjì ọpọlọ ti kọjú sí ara wọn. Ó sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ó ti ré kọjá sí òdì kejì, tí ó fi jẹ́ pé ọpọlọ òsì ni ó ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó wọ inú eegun ọrùn, ó gba ẹ̀yìn kọjá, kò sì dúró títí ó fi dé ìsàlẹ̀ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni ajíṣẹ́ kejì ti gbà á lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, tí ó gba ìdí àti itan kọjá, tí ó yí ọrùn eegun kékeré kan ká lẹ́bàá orúnkún, kí ó tó dé ibi iwájú ojúgun. Kò sí ẹ̀yà ara mìíràn tí ọ̀nà rẹ̀ láti orí jìn tó ti ẹsẹ̀.

Àwọn ìlàrí tí Aláàfin ń rán láti Ọ̀yọ́ sí ẹ̀yìn odi mọ̀ pé bí a kò bá ro ọ̀nà, iṣẹ́ ọba yóò pẹ́. Ohun tí ó ń mú ọ̀nà mọ́ fún iṣan ajíṣẹ́ ni ọ̀rá kan tí a ń pè ní myelin, tí a wé mọ́ ọn ní ìpele ìpele bí ìgbà tí olówó bá wé gèlè, tí a sì fi àlàfo bíńtín sílẹ̀ láàrin gèlè kan àti èkejì; láti àlàfo dé àlàfo ni iṣẹ́ náà ń fò. Iṣan tí a wé báyìí lè gbé iṣẹ́ rin mítà 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí a kò wé rárá kì í ju mítà kan tàbí méjì lọ. Nínú MS, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, tí Elédùmarè dá láti bá kòkòrò àrùn jà, a máa yí idà wọn padà sí ilé tí wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n ń tú gèlè náà nínú ọpọlọ, nínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, àti nínú iṣan tí ń gbé ìran láti ojú wá. Ibi tí wọ́n bá ti jà a máa sàn pẹ̀lú àpá líle, àpá wọ̀nyí sì ni Jean-Martin Charcot rí nínú òkú àwọn aláìsàn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, tí ó fi ṣàlàyé àìsàn náà yékéyéké ní 1868 tí ó sì fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí àpá líle káàkiri. Nígbà mìíràn gèlè nìkan ni ó tú, ara a sì tún un wé dé ìwọ̀n kan. Nígbà mìíràn iṣan ajíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó já, èyí kì í sì í so padà.

Ọ̀nà tí ó gùn jù ni àwọn adánilọ́nà ti ń rí àyè lúgọ sí jù. Iṣẹ́ tí ń lọ sí ọwọ́ a yà kúrò ní ọrùn, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ kò kàn án mọ́. Iṣẹ́ tí ń lọ sí ẹsẹ̀ ní láti kọjá lára gbogbo àpá tí ó wà láti orí dé ìdí. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi sábà máa ń sọ ẹjọ́ kí ọwọ́ tó sọ tirẹ̀, tí ìwọ́lẹ̀ ẹsẹ̀ fi wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ó ní MS. Bí iṣẹ́ bá dé ní ìlàjì agbára, ẹran iṣan iwájú ojúgun a ṣe ìlàjì iṣẹ́, ìlàjì iṣẹ́ kò sì tó sẹ̀ǹtímítà kan.

Ṣùgbọ́n àìlera kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Orí kì í pàṣẹ nìkan, ó tún ń di ìjánu mú. Ẹran iṣan ẹ̀yìn ojúgun, tí ó tóbi tí ó sì lágbára ju ti iwájú lọ jìnnà, ni ó ń fa gìgísẹ̀ sókè, èyí tí í ṣe pé ó ń ti iwájú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí ìjánu orí bá tú lára rẹ̀, a máa le gan-an, a fún mọ́ra bí ọsán gángan lábẹ́ apá onílù, a sì máa fa ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní àsìkò gan-an tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ gòkè. Iwájú rọ̀, ẹ̀yìn le: ọ̀tá méjì ni ó gbé ẹsẹ̀ kan náà kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ iwájú lágbára láì tú ẹ̀yìn sílẹ̀ yóò ṣe làálàá púpọ̀ kí ó tó rí èrè díẹ̀, ìdí sì nìyí tí àwọn físíò, àwọn tí ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi nína ẹ̀yìn ojúgun lójoojúmọ́, tí àwọn dókítà a sì máa fún àwọn kan ní oògùn tí ń dẹ ẹran iṣan, baclofen fún àpẹẹrẹ, pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí pé àwọn kan wà tí líle yẹn gan-an ni wọ́n fi ń dúró.

Kí ni ti òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́? Èyí ni ó da ìyá yẹn láàmú jù, èmi náà kò sì ní fi ìkánjú kọjá níbẹ̀. Ìyá kò jókòó lásán. Ó gbé omi kaná, ó rẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi òrí pa á, ó fà á, ó wọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá tirẹ̀ ti ṣe fún un nígbà tí ó bímọ, ó sì kó aṣọ nípọn bò ó nínú ilé tí ẹ̀rọ ti mú gbóná. Nígbà tí ọmọ dìde láti lọ sí yàrá, ẹsẹ̀ tí ó ti ń wọ́ díẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ìyá figbe ta. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní sọ pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, pé ìtọ́jú ni ó ń bí ohun náà nínú? Bẹ́ẹ̀ ooru ni. Iṣan tí gèlè rẹ̀ ti tú ń gbé iṣẹ́ lórí etí bèbè, díẹ̀ ni ó kù kí iṣẹ́ náà já bọ́. Bí ara bá sì gbóná díẹ̀ sí i, kódà kí ó máà tó ìdajì òṣùwọ̀n kan, iṣẹ́ náà a já bọ́ lóòótọ́. Wilhelm Uhthoff, dókítà ojú ará Jámánì, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1890, nígbà tí ó rí àwọn aláìsàn tí ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ agbára. Kí ẹ̀rọ MRI tí ń ya àwòrán inú ara tó dé, àwọn dókítà a tilẹ̀ máa ki aláìsàn bọ omi gbígbóná láti fi dá àìsàn náà mọ̀. Ìrìn pẹ̀lú ń mú ara gbóná, ó sì ń mú kí àárẹ̀ mú iṣan tí gèlè rẹ̀ ti tú, nítorí náà ni ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ fi dára tí èyí tí ó tẹ̀lé e kò fi dára. Ooru yìí kò dá egbò tuntun. Bí ara bá ti tutù, ẹsẹ̀ a padà sí bí ó ti wà. Ọwọ́ ìyá kò ṣe ọmọ rẹ̀ ní ibi. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ì bá lò, kì í ṣe èyí tí ó gbóná janjan.

Ọ̀nà kan náà ni ibà ń gbà ba ẹsẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó ní MS, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣàdédé burú sí i láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì, lè jẹ́ pé kòkòrò ni ó wọ ìtọ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìjà tuntun ni àwọn ẹ̀ṣọ́ dá sílẹ̀. Ó yẹ kí ó rí dókítà kíákíá nínú méjèèjì, nítorí pé oògùn ti èkíní kì í ṣe ti èkejì.

Ohun méjì kù tí ń dá kún un. Iṣẹ́ a máa ti ẹsẹ̀ gòkè lọ sórí pẹ̀lú, láti sọ ibi tí ẹsẹ̀ wà. Bí èyí bá bàjẹ́, ènìyàn a máa rìn bí ẹni tí ilẹ̀ sá lábẹ́ rẹ̀, pàápàá nínú òkùnkùn. Èkejì ni pé ẹni tí ó ti ṣubú a máa bẹ̀rù, ẹni tí ó bẹ̀rù a máa jókòó, ẹran iṣan tí a kò sì lò a máa gbẹ, ọrùn ẹsẹ̀ tí a kò ká a sì máa gan.

Gbogbo ẹsẹ̀ tí ń wọ́lẹ̀ kọ́ ni MS, kódà lára ẹni tí ó ní MS. Ní ilé, ní Nàìjíríà, ọmọdé mélòó ni abẹ́rẹ́ ìdí ti sọ di arọ ẹsẹ̀ kan, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà ba iṣan ajíṣẹ́ ńlá tí ó gba ibẹ̀ kọjá! Ẹni tí ó bá ń gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ fún wákàtí pípẹ́ lè fún iṣan tí ó yí ọrùn eegun ká lẹ́bàá orúnkún pa. Egungun ẹ̀yìn tí ó yẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ láti gbòǹgbò. Àtọ̀gbẹ ń jẹ ẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ń dá iṣẹ́ náà dúró láti orí. Báwo ni dókítà ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀? Ó ń lo òòlù kékeré oní-rọ́bà: bí ó bá jẹ́ pé ajíṣẹ́ ìsàlẹ̀ ni ó bàjẹ́, ẹsẹ̀ lè dákẹ́ tàbí kí ó fèsì jẹ́jẹ́, bí ó bá jẹ́ ti òkè, ẹsẹ̀ a máa ta sókè ju bí ó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn náà a fi ohun tí kò mú fa ìlà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, láti gìgísẹ̀ lọ síwájú. Àgbà tí ara rẹ̀ dá, ọmọ-ìka rẹ̀ a ká sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà orí rẹ̀ bàjẹ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ a dìde sókè, bí ti ọmọ ọwọ́ tí kò tíì mọ ìrìn. Joseph Babinski, ọmọ ẹ̀yìn Charcot, ni ó fi èyí han ayé ní 1896. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju gbogbo ẹ̀rọ lọ: àtẹ́lẹsẹ̀ ni a bi léèrè, ọ̀rọ̀ orí ni ó sì sọ. Ẹ̀rọ MRI ni yóò wá fi ojú àpá náà hàn lẹ́yìn náà.

“Ṣé kì í ṣe àrùn òyìnbó ni wọ́n ń pe èyí?” ni ìyá béèrè nígbà tí a dárúkọ àìsàn náà fún un. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí ó fi ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣe ojúkò ìmọ̀ àrùn ọpọlọ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, tí ó tọpasẹ̀ àìsàn kan tí ń mú ẹsẹ̀ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kú tìpìrì títí ó fi so ó mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́, kọ̀wé ní 1971 nípa irú àrùn iṣan tí ó ń rí ní Ìbàdàn: MS ṣọ̀wọ́n gidigidi nínú wọn. Kò sí ẹ̀rọ MRI nígbà náà, òótọ́ ni. Síbẹ̀ bí ènìyàn bá ti súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé tó ni àìsàn náà ṣọ̀wọ́n tó. Ṣùgbọ́n ní 1990, Marta Elian, Geoffrey Dean àti alábàáṣe wọn fi hàn pé àwọn ọmọ tí àwọn ará Áfíríkà àti Ìwọ̀-Oòrùn Índíìsì bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ààbò tí àwọn òbí wọn ní. Iye tí ó ń ṣe nínú wọn súnmọ́ ti àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2017 láti ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ka 74 nínú 100,000 aláwọ̀ dúdú, níbikíbi tí a bí wọn sí, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 180. Ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú nìkan kò ṣọ́ ọmọ tí a bí sí Walworth.

Kí ni ó yí padà? Oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó fún awọ dúdú láti ṣe fítámínì D tí ó pọ̀ tó, àìtó rẹ̀ sì bá MS rìn. Èkejì ni fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr, tí a kọ́kọ́ rí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1964 nínú kókó tí a gbé wá láti ara àwọn ọmọ Ùgáńdà. Ní 2022, ìwádìí lára ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó lé ní mílíọ̀nù 10 fi hàn pé ewu MS ń di ìlọ́po 32 lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì náà bá wọ ara. Ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ayé ni ó ní i, ara wọn sì le, nítorí náà òun nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wa nílé a máa kó o láti ìkókó, láì mọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kì í kó o títí wọ́n fi bàlágà, tí ó sì ń bá wọn jà kíkankíkan. Lójú tèmi, ìdáhùn yìí ni ó yẹ kí a fún ìyá tí ó ń wá ọ̀tá kiri láàrin ẹbí.

Ní ti ìtọ́jú, ilé ìwòsàn King's College ní Denmark Hill kò jìnnà sí Walworth, bọ́ọ̀sì kan ni. Àwọn kan ń gba ike tín-ín-rín tí a ń wọ̀ sínú bàtà, tí ó gba ẹ̀yìn ojúgun gòkè tí ó sì ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ dúró. Àwọn mìíràn ń gba ẹ̀rọ kékeré kan, tí ń fi iná mànàmáná díẹ̀ jí iṣan. Liberson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní 1961. Ilé ìwòsàn Salisbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un ṣe fún ìrìn ojoojúmọ́, NICE, àjọ tí ń dárí ìtọ́jú nílẹ̀ náà, sì fi ọwọ́ sí i ní 2009 fún ẹsẹ̀ tí ń wọ́lẹ̀ láti orí. Fún ẹni tí ajíṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti já, kò wúlò. Àlẹ̀mọ́ méjì ni a ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúnkún àti iwájú ojúgun, a ó fi bọ́tìnnì pẹlẹbẹ sábẹ́ gìgísẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ̀rọ náà a ran ẹran iṣan níṣẹ́ tí orí kò lè rán mọ́.

Ìyá bá ọmọ rẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dán an wò. Ọmọ jókòó, ó fa ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Màámi, ẹ gbé ọwọ́ yín síbí.” Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojúgun. Físíò tẹ bọ́tìnnì. Ẹran tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ le koránkorán, iwájú ẹsẹ̀ náà sì gòkè, láì sí ẹni tí ó fà á, kúrò lórí ilẹ̀.